Ta Ni Motoko Gan-an?

Ìbéèrè: Ghost in the Shell ti Hollywood tó jáde ní 2017, èyí tí Scarlett Johansson ṣe, ni mo kọ́kọ́ wò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ayédèrú nìyẹn, ó wá fún mi ní ànímè ti 1995. Ìgbà tí mo wò ó tán ni ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Obìnrin ti àkọ́kọ́ rí ìyá rẹ̀. Ti èkejì kò tilẹ̀ ní ẹbí tó ń wá. Èwo ni Motoko tòótọ́? Ẹ má bínú, mo tún sunkún nítorí akólẹ̀kódọ̀tí inú ànímè yẹn, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹkún yẹn nídìí, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ráhùn pé ìyàwó òun fẹ́ kọ òun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n ní kò níyàwó, kò bímọ; ọdún 10 ló ti ń dá gbé inú yàrá rẹ̀. Wọ́n ní kó wo fọ́tò tó ń gbé kiri. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ló já wọ inú ọpọlọ rẹ̀, tó gbin ìrántí èké síbẹ̀. Ọmọ náà kò sí rí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ní sí i kì í ṣe irọ́, kò sì rí ẹni tí yóò fún mọ́. Ohun tó pa ọ́ lẹ́kún nìyẹn.

Ohun kan náà ló ń ba Motoko, tí wọ́n ń pè ní Major, lẹ́rù. Látòkè délẹ̀ ni wọ́n rọ ara rẹ̀ nílé iṣẹ́. Ọpọlọ nìkan ló kù tó jẹ́ ti ènìyàn, kò sì fojú ara rẹ̀ rí i rí. Bí wọ́n bá lè fi ìyàwó àti ọmọ tí kò sí sórí akólẹ̀kódọ̀tí, kí ni ẹ̀rí pé òun ti jẹ́ ènìyàn rí? (“Ghost” inú àkọlé yẹn, ẹ̀mí ni ká pè é. Ẹni tó bá pè é ní iwin ti sọ ọ̀rọ̀ nù.) Fọ́tò bíi ti akólẹ̀kódọ̀tí yẹn wà nínú fíìmù Blade Runner ti 1982 náà: obìnrin kan tó ń jẹ́ Rachael mú àwòrán òun àti ìyá rẹ̀ wá kó lè fi hàn pé ènìyàn lòun, kò mọ̀ pé ìrántí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi sí òun lórí.

Ní ti èwo ni tòótọ́: nínú ìwé ìtàn aláwòrán tí Masamune Shirow bẹ̀rẹ̀ ní 1989, Major ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàwàdà, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Mamoru Oshii, tó darí ànímè 1995, ló gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ ojú Major níbẹ̀ dáadáa, kì í sábà ṣẹ́jú, bí ọmọláńgidi. Nínú Stand Alone Complex, ti tẹlifíṣọ̀n, tí Kenji Kamiyama darí ní 2002, kò tilẹ̀ pàdé Puppet Master, ẹni tó já wọ inú ọpọlọ akólẹ̀kódọ̀tí yẹn. Àwọn tó ń ṣe àwòkọ ẹni tí kò sí ló ń lé kiri. Èyí ni kí o wò tẹ̀ lé e.

Ti 2017 kì í ṣe ayédèrú, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dáhùn ìbéèrè tí Oshii kọ̀ láti dáhùn: wọ́n jí ayé Major àtijọ́ gbé, ó sì rí ìyá rẹ̀ níkẹyìn. Ó tu ọkàn lára, mo gbà. Ti Oshii ni èmi fẹ́ràn jù, torí pé ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè náà.

Padà lọ sí àárín fíìmù 1995, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, tí orin Kenji Kawai nìkan ń lọ. Major wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin kan lójú fèrèsé tó ní ojú tirẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ kọjá. Wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá kọ̀wé sí mi bóyá o rò pé obìnrin yẹn náà rí i.