Ẹ̀kọ́ Lórí Òfin Ìbẹ̀rẹ̀ Nínú Ìdíje Ìlúwẹ̀ẹ́

Bí ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé bá dé, olùkọ́ ni a máa ń fi fèrè lé lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ní Ilare yìí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọn yóò ti díje. Ṣùgbọ́n òfin ìlúwẹ̀ẹ́ ni a yàn fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé àríyànjiyàn tí ó wà nínú ìdájọ́ hàn kedere níbẹ̀.

Báyìí ni òfin náà. Adájọ́ àgbà yóò fọn fèrè gígùn kan, àwọn òmùwẹ̀ yóò sì gun orí ibi gíga tí a ti ń fò sómi. A ó pàṣẹ pé kí wọ́n múra. Olúkúlùkù yóò gbé ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, sí etí ibẹ̀, yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dúró jẹ́ẹ́ tán ni ohùn ìbẹ̀rẹ̀ yóò tó dún. Ẹni tí ó bá ṣáájú ohùn náà, a yọ ọ́ kúrò. Ní ìgbà kan rí, bí ẹnìkan bá ṣáájú, a máa ń pe gbogbo wọn padà, a ó kìlọ̀ fún wọn, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́n àgbọ́njù lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣáájú láti da ọkàn àwọn ìyókù láàmú. Àyè yìí ni a wá dí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2000, ní Ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Sydney ní Ọsirélíà, àwọn mẹ́ta tò láti wẹ mítà 100: Karim Bare láti Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, Farkhod Oripov láti Tajikistan, àti Eric Moussambani láti Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè tí ó ni erékùṣù tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po. Bare àti Oripov bọ́ sómi kí ohùn tó dún. A yọ àwọn méjèèjì. Moussambani nìkan ṣoṣo ni ó wẹ̀. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.72 ni ó lò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé òpin, àwọn èrò sì ń ké láti gbà á níyànjú. Òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ta ni ó rántí Bare, tí ó ti ilẹ̀ tí òkun kò dé rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, tí òfin kò sì jẹ́ kí ó wẹ̀ ní ọjọ́ náà?

Òfin náà le, ṣùgbọ́n a kò bá a jà. Òfin tí kò bèèrè ohun tí ó wà nínú ọkàn kì í tètè ṣe ojúsàájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro ni London, ní ọdún 2012. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, a yọ Park Tae-hwan ará Gúúsù Kòríà kúrò nínú mítà 400 pé ó mira kí ohùn tó dún. Àwọn aṣojú rẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. A tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, a dá a padà, ó sì gba ipò kejì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, nínú àṣekágbá mítà 1500, Sun Yang ará Ṣáínà bọ́ sómi kí ohùn tó dún. Adájọ́ ní ariwo èrò ni ó fà á, a kò sì yọ ọ́. Ó fi ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 31.02 borí, àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí títí di ọjọ́ náà.

Àwa kò sọ pé adájọ́ náà ṣèké. Ariwo lè tan ènìyàn jẹ. Ohun tí ó ń ká wa lára ni pé ohun kan náà ni Bare àti Sun Yang ṣe. Ọ̀kan padà sílé, èkejì gba wúrà. Níbi tí àyè ìdáríjì bá wà, ẹni tí ó lókìkí àti ẹni tí ó ní alágbàwí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀kọ́ yìí bá ọmọ kíláàsì karùn-ún mu. Kí olùkọ́ kó wọn lọ sí pápá, kí wọ́n tò, kí ó sì fi fèrè sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ láìfọn ọ́n. Àwọn kan yóò ṣáájú. Kí ó má ṣe bá wọn wí. Kí ó bi àwọn ìyókù bóyá kí a yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà kí a tún un ṣe, kí àwọn ọmọ mìíràn máa pariwo létí pápá. Ìdáhùn lè yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni tí olùkọ́ bá yọ tàbí tí ó dá sí, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sí ojú pátákó níwájú gbogbo wọn kí eré mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí a dá sí bá sì jẹ́ ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.