Àfòpiná Tó Ń Jẹ Tòmátì: Ẹ Yẹ Odú àti Ikàn Wò Pẹ̀lú

Bí ewé tòmátì yín bá ń funfun lójú kan lójú kan, bí ẹni pé iná rà á, ẹ má tíì gbé ike oògùn. Ẹ já ewé kan, ẹ gbé e síwájú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìdin aláwọ̀ ewé tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn orí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú sì wà nínú ibi tó jẹ, ìdin àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ni. Bó bá jẹ́ ipa tín-ín-rín tó ń lọ́ kiri bíi ti ejò lẹ rí, ìdin eṣinṣin ló ṣe é. Ìyẹn kì í wọ inú èso.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni àfòpiná yìí ti wá. Ó dé Sípéènì ní 2006, kò sì pẹ́ tó fi wọ Áfíríkà. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ébólà tòmátì. Àfòpiná náà kò gùn ju mìlímítà 7 lọ, àárín ewé ló ń sá sí lọ́sàn-án. Abo kan lè yé ẹyin tó 260. Nígbà ooru, bí oṣù kan ni ẹyin fi ń di àfòpiná.

Àárín awọ ewé méjèèjì ni ìdin yìí ń gbé, oògùn kì í tètè bá a níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń fín léraléra kò tiẹ̀ ràn án mọ́.

Èyí tí a kì í kà sí ni pé kì í ṣe tòmátì nìkan ló ń jẹ. Ẹ kórè tán, ẹ fa tòmátì tu, àmọ́ odú wà létí oko, ikàn wà lẹ́yìn ilé, ó ṣí lọ síbẹ̀ títí ẹ ó fi tún gbìn. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ odú o! Èyí tó lalẹ̀ hù nínú oko tòmátì ni kẹ́ ẹ tu. Àgbàdo tàbí ewédú ni kẹ́ ẹ gbìn tẹ̀ lé tòmátì, kì í ṣe ikàn.

Ewé àti èso tó ti ní ìdin, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ó pa, kí oòrùn sè é. Ẹ má kàn dà á sétí oko. Ẹ gún kóró èso dóńgóyárò gbígbẹ, gíráàmù 50 sí lítà omi kan. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fín in nírọ̀lẹ́ nígbà tí ìdin ṣì kéré.

Ẹ gbọn apẹ̀rẹ̀ ọlọ́jà dáadáa kó tó wọ oko yín, kí kòkòrò yìí má bàa bá a wọlé. Bí ẹ bá sì ti fín oògùn kan tí kò ran ìdin náà, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.