Ẹ̀sìn Búdà tàbí Ẹ̀kọ́ Búdà?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà lédè Yorùbá, ẹ̀sìn ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. A ó ní "ẹ̀sìn Búdà", a ó ní "ẹlẹ́sìn Búdà", kò sì sí ẹni tí yóò ní òun ò gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ wò. Sìn ni gbòǹgbò rẹ̀: ìwọ̀fà ayé àtijọ́ a máa sin olówó rẹ̀, onígbàgbọ́ a máa sin Ọlọ́run, ẹlẹ́gùn a máa sin òrìṣà rẹ̀. Níbi tí ẹ̀sìn bá wà, ẹni tí à ń sìn kò lè ṣàìwà níbẹ̀. Siddhartha Gautama, tí wọ́n ń pè ní Búdà, kò pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ohun tó ń kọ́ni ka orí ẹlẹ́dàá kan. Oyè náà fúnra rẹ̀, Búdà, "ẹni tó ti jí" ló túmọ̀ sí, bí ìgbà tí ènìyàn bá jí lójú oorun. Ohun tó sì fi sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé e, dhamma ni wọ́n ń pè é ní èdè Pali. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ ló yẹ ká máa pe dhamma, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá àṣìṣe akéwì àti akọ̀wé kiri lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn méjì tí àṣà wọn yàtọ̀ bá fẹ́ gbọ́ ara wọn yé, orúkọ tí wọ́n bá fún nǹkan ara wọn ni ìgbọ́ra-ẹni-yé ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ̀rí ohun tí mo ń sọ wà lára òkúta. Ọba Ashoka, tó di ọmọlẹ́yìn Búdà, jẹ ní Íńdíà ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ó tó ọdún mẹ́jọ tó ti gorí ìtẹ́ kí ó tó gbógun ti Kalinga, ilẹ̀ kan ní etíkun ìlà-oòrùn Íńdíà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ohun tí ogun náà jẹ sára àpáta: 100,000 ènìyàn ni wọ́n pa, 150,000 ni wọ́n kó kúrò nílé, àwọn tó sì kú lẹ́yìn èyí pọ̀ ju iye tí wọ́n pa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọba tó ṣẹ́gun wá ń kábàámọ̀ ní gbangba, ó ní ìṣẹ́gun tí dhamma bá mú wá ló dára jù. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ dhamma káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, ní àwọn ibìkan ní èdè tí ará ibẹ̀ ń sọ. Ní Kandahar, tó wà ní Afghanistan lónìí, àwọn tó ń sọ Gíríìkì wà níbẹ̀ láti ìgbà Alexander Ńlá, àwọn tó ń sọ Árámáíkì náà sì wà. Ní ọdún 1958, wọ́n rí òkúta kan níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ èdè méjèèjì sí, Gíríìkì lókè, Árámáíkì nísàlẹ̀. Níbi tí à bá ti rí dhamma, Gíríìkì kọ eusebeia, ìyẹn ìbọ̀wọ̀ tó yẹ ká ní. Árámáíkì kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òtítọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an: ọba kò pa ẹran mọ́, àwọn ọdẹ àti apẹja ọba ti sinmi iṣẹ́ ọdẹ, àwọn tí kò lè kó ara wọn níjàánu tẹ́lẹ̀ ti ń gbìyànjú, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́ràn sí bàbá, ìyá àti àgbà lẹ́nu. Orúkọ Búdà kò sí níbẹ̀ rárá. Yorùbá tó bá ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ronú nípa ojúbọ. Ìwà ni yóò ní wọ́n ń sọ.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé eusebeia ní ọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà Gíríìkì nínú, pé òun ló tilẹ̀ sún mọ́ ẹ̀sìn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ náà lè mú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀wọ̀ tí ọmọ ń fún òbí rẹ̀, ohun tó sì tẹ̀ lé e lórí òkúta náà jẹ́ ká mọ ibi tí ògbufọ̀ fi sí. Ẹ̀rí kejì tilẹ̀ tún le ju èyí lọ. Ní ọdún 1963, wọ́n rí òkúta mìíràn ní Kandahar, Gíríìkì nìkan ló wà lára rẹ̀. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ tí Ashoka sọ nípa àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ lóríṣiríṣi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Pasanda ni Íńdíà ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ yìí fi diatribe túmọ̀ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pe agbo àwọn onímọ̀ tí wọ́n jókòó ti olùkọ́ wọn. Ẹni tó mọ èdè méjèèjì, tó gbé ayé nígbà tí Ashoka gbé ayé, wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì rí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ tó mi gbà.

Ohun tí ọba ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ náà láti ṣe wúlò fún wa pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ga láìnídìí, kí ó má sì tàbùkù ti ẹlòmíràn láìnídìí, kí wọ́n sì máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ara wọn. Ó ní ẹni tó ń bu ti ẹlòmíràn kù nítorí ìfẹ́ tirẹ̀, tirẹ̀ náà ló ń bà jẹ́. Yorùbá ti sọ ọ́ lọ́nà tiwa pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí la wá ń pe irú ìpàdé tí ọba ń fẹ́ yìí? Àwọn kan ń kọ àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n iyàn là ń jà níbẹ̀, ẹni kan ní láti borí. Ìtàkùrọ̀sọ náà kò tó o, tẹ̀ríntọ̀yàyà ni. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló bá a mu: tèmi rèé, tìrẹ rèé, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jinlẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fúnra wọn, ìfikùnlukùn ni. Inú ni Yorùbá gbà pé èrò ń gbé, ikùn méjì ló sì ń kan ara wọn níbẹ̀.

Àtakò tí mo ń gbọ́ jù sí irú yíyan ọ̀rọ̀ báyìí ni pé kí a jẹ́ kí ará ìlú lo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ni ó yé ni. Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ náà ló máa ń tan ni jù. Samuel Àjàyí Crowther ṣe wá lóore tí a kò lè san tán nígbà tó darí ìtumọ̀ Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "devil", Èṣù ni wọ́n mú. Títí di òní, àwọn ọmọ Yorùbá tó ka Bíbélì ṣáájú kí wọ́n tó gbọ́ ẹsẹ Ifá kan ń bẹ̀rù Èṣù tí àwọn babaláwo kò mọ̀ rí. Òrìṣà oníbodè tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ di ọ̀tá Ọlọ́run nítorí ọ̀rọ̀ kan péré. Irú ewu bẹ́ẹ̀ ló wà nínú kàmà, ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ Búdà tí àwọn kan ń túmọ̀ sí kádàrá. Kádàrá, tí a yá lọ́wọ́ Lárúbáwá, jẹ́ ohun tí Ọlọ́run ti kọ mọ́ ènìyàn. Kàmà jẹ́ ìṣe tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, Búdà sì kọ́ni pé èrò ọkàn tó wà lẹ́yìn ìṣe náà ni kàmà gan-an. Ẹni tó bá pè é ní kádàrá ti sọ ẹ̀kọ́ náà dorí kodò. Nibbana, ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà ń lépa, kì í ṣe ọ̀run rere pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni kí iná kú, iná ojúkòkòrò, ìkórìíra àti àìmọ̀kan.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Àwọn ògbufọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ mú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n tiwọn, wọ́n fi ń pe ohun tó wá láti Íńdíà: wuwei, ọ̀rọ̀ Laozi, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n náà, ni wọ́n lò fún nibbana. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń ka Búdà, Laozi ni wọ́n ń gbọ́. Dao'an, àlùfáà Búdà kan níbẹ̀ tó kú ní 385, tako ọ̀nà yìí. Ní ọ̀rúndún keje, ògbufọ̀ Xuanzang, lẹ́yìn tó ti Íńdíà dé ní 645, sọ pé irú ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà tí kò yẹ ká túmọ̀ rárá, kí a kàn yá ohùn wọn lò. Nítorí náà, n kò rò pé àbùkù ni bí a bá yá kàmà, ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká sì ṣàlàyé rẹ̀. Àlàáfíà tí gbogbo wa ń fẹ́ pàápàá, Lárúbáwá la ti yá a, ìlera ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí "ṣé àlàáfíà ni?" fi ń béèrè ara ẹni, kì í ṣe ogun. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yá ni ètò ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa, irú "kíkọ́ àlàáfíà", tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà ìlú. Ilé là ń kọ́. Àwa a máa pẹ̀tù sí ààwọ̀, a máa ń parí ìjà, a sì máa ń wá ìrẹ́pọ̀.

Ó kù sí ibi tí àwọn kan yóò ti sọ pé wọ́n ń tẹríba fún ère Búdà ní Thailand àti Japan, wọ́n ń jó tùràrí níwájú rẹ̀, kí ló kù tí kò fi ní jẹ́ ẹ̀sìn? N kò bá wọn jiyàn. Bí a bá ń ka àwọn ẹlẹ́sìn ayé, tàbí tí a ń sọ nípa tẹ́ńpìlì wọn àti ọjọ́ ọdún wọn, kí a kọ ẹ̀sìn Búdà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ohun tí Búdà kọ́ni nípa ìjìyà, ìbínú àti bí ènìyàn ṣe lè fi ohun ìjà sílẹ̀, ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹ̀kọ́ Búdà. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ, ẹ mú un wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.