Ohun Tí Ó Ń Dín Agbára Àgbà Kù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìdí tí agbára ara fi ń dínkù bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè.

Àwa ará Ìjẹdẹ mọ ilé iṣẹ́ iná Egbin tí ó wà létí ọ̀sà. Ẹ̀rọ ńlá 6 ni ó wà níbẹ̀, a sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láti pèsè mẹ́gáwáàtì 220. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn àti ti ẹranko ní ilé iṣẹ́ iná tirẹ̀ pẹ̀lú, mitochondria ni orúkọ rẹ̀. Oúnjẹ àti atẹ́gùn tí a ń mí sínú ni ó fi ń ṣe agbára. Ó ní DNA tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́tà 16,569 ni ti ènìyàn, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni a ti ń jogún rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì a máa ṣe àdàkọ DNA yìí ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ń gbà wọlé. Nígbà mìíràn, apá ńlá kan ni yóò já dànù. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù gùn tó lẹ́tà 4,977. Bí ẹ̀dà tí ó bàjẹ́ bá borí èyí tí ó pé nínú sẹ́ẹ̀lì kan, iná sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa jó àjórẹ̀yìn.

Gbogbo ara kọ́ ni ó rí bákan náà o. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, nítorí náà àbùkù yìí kò pọ̀ níbẹ̀. Ọpọlọ, ọkàn àti iṣan ni ó ń kó jọ sí. Ní 2006, àwọn onímọ̀ rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ọpọlọ àwọn àgbà, níbi tí ń darí ìrìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àrùn Parkinson ń bà jẹ́. Bí ọwọ́ bàbá bá ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ tó máa wá ẹni tí ó ṣe wọ́n.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Sweden ṣe irú eku kan tí ara rẹ̀ kò lè tún àṣìṣe àdàkọ yìí ṣe. Irun wọn já, ẹ̀yìn wọn tẹ̀, eegun wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdajì wọn kú kí ó tó ju ọ̀sẹ̀ 48 lọ, bẹ́ẹ̀ eku lásán a máa lo ọdún 2. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ara wọn pọ̀ ju ti arúgbó eku lásán lọ fíìfíì. Nítorí náà, a kò lè sọ pé òun nìkan ni ó ń sọ ẹ̀dá di arúgbó. Àwọn tí ń polówó oògùn ìgò nínú ọkọ̀ kì í sọ èyí fún yín: kò tíì sí oògùn tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń dá DNA yìí padà sí ti èwe.