"Train": Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, wọ́n máa ń ní ká fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú àyọkà, kí ìtumọ̀ má sì yí padà. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, torí ìtumọ̀ kan ṣoṣo tá a mọ̀ la máa ń kọ. Ẹ jẹ́ ká fi "train" ṣe àpẹẹrẹ.

Ní Òṣogbo níbí, tá a bá ti gbọ́ "train", ọkọ̀ ojú irin ló ń wá sí wa lọ́kàn. Kò yani lẹ́nu. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1907. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dáyé. Látinì ni gbòǹgbò rẹ̀, "trahere", tó túmọ̀ sí fà tàbí wọ́. Ó gba inú èdè Faransé kọjá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni "tractor", tó ń fa ẹrù, "attract", tó ń fa ojú mọ́ra, àti "subtract", ìyẹn ká fa nǹkan yọ kúrò.

Ẹ wá wo àwọn ẹ̀ka rẹ̀:

1. Ìdí aṣọ ìyàwó tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
2. Àwọn èèyàn tó ń wọ́ tẹ̀ lé ọba.
3. Ọkọ̀ ojú irin: ẹ́ńjìnnì ń wọ́ àwọn kóòṣì tó so kọ́ra.
4. Èrò tó ń tẹ̀ léra wọn lọ́kàn.
5. Kí èèyàn dojú ìbọn tàbí kámẹ́rà kọ nǹkan.
6. Kíkọ́ àti títọ́. Wọ́n máa ń fa ẹ̀ka igi síbi tí wọ́n bá fẹ́ kó dàgbà sí, "train" ni wọ́n sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ. Ṣé àwa náà kò ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò?

Ìkeje wà tó jẹ́ tiwa ní Nàìjíríà: "My uncle trained me." Lọ́dọ̀ wa, ó túmọ̀ sí pé ó rán mi níwèé, ó san owó iléèwé mi. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, torí ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń san owó iléèwé mi. Lójú tèmi, ìtumọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tó ń san owó yẹn ń fa ọmọ síwájú ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, tàbí nínú lẹ́tà sí ẹni tó wà lókè òkun, ẹ kọ "paid my school fees", kó má bàa ṣì yín gbọ́.

Torí náà, ẹ ka gbólóhùn tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ẹ bi ara yín pé: ta ló ń fa kí ni?

Ẹ dán èyí wò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò "train" tàbí "training":
(a) The bride's train swept the floor.
(b) The noise broke my train of thought.
(c) She is training for the inter-house sports.

Ìdáhùn yóò wà lójú pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.