Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣan Náà Kú sí Yín Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lábù, fọ́málíìnì ti mọ́ wa lára jù. Ohunkóhun tí dókítà bá gé wá, inú rẹ̀ la ń sọ ọ́ sí. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú iṣan ara. Ẹ́ńsáìmù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ la fẹ́ rí, fọ́málíìnì a sì pa á. Mo ṣe àṣìṣe yìí nígbà èwe mi. Ọmọdé ni aláìsàn náà; wọ́n tún fi abẹ kàn án lẹ́ẹ̀kejì nítorí tèmi.

Gọ́ọ̀sì tí omi iyọ̀ rin díẹ̀ ni kí ẹ fi wé e. Isopentane tí naitrójìn olómi ti mú tutù ni kí ẹ kì í bọ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú naitrójìn gan-an, afẹ́fẹ́ á yí i ká, kò ní tètè dì, yìnyín á sì lu fọ́nrán rẹ̀ ní ihò.

Ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí Brooke àti Kaiser fi ọ̀nà tí à ń tọ̀ láti mọ oríṣi fọ́nrán iṣan hàn wá. Gíláàsì mẹ́ta tí a gbé iṣan tí a gé pẹlẹbẹ lé ni: ọ̀kan nínú omi pH 9.4, ọ̀kan nínú 4.6, ọ̀kan nínú 4.3, kí ATP tó kàn wọ́n. Ní 9.4, fọ́nrán oríṣi kìíní á funfun, oríṣi kejì á dúdú. Ní 4.3, ó yí padà pátá. Ní 4.6, oríṣi 2B, tí òun àti 2A jẹ́ ẹ̀yà oríṣi kejì, á wà láàárín dúdú àti funfun. Kóbáltì àti ammonium sulphide ló ń mú dúdú náà wá; òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ni sulphide yìí ń rùn, májèlé sì ni, ẹ má ṣe é níta gbangba lórí tábìlì.

Aláró tó mọṣẹ́ a máa tọ́ aró wò kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Mítà pH ni ahọ́n tiwa. Ẹ tún un ṣe láràárọ̀, torí ìyàtọ̀ 0.1 lè pa 2A àti 2B pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi iṣan tó dá ṣáṣá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn nígbà gbogbo.

Iṣan tó dá a máa rí adíkálà. Bí oríṣi kan bá ṣù jọ sójú kan, ẹ̀sọ ara (nerve) kan ti kú, èyí tó wà nítòsí sì ti gba fọ́nrán rẹ̀ tọ́. Ìròyìn ńlá nìyẹn fún ẹbí aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wo gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.