Èèpo Iwájú Ìwé Ìròyìn Àwọn Òṣèré

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn ní Ọjọ́ta, ní Èkó, láàárọ̀. Àwọn ènìyàn á ti rọ̀gbà yí i ká. Àwọn kan ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń jiyàn. Ẹni tó ń sáré lọ wọ dánfó kì í dúró ní tirẹ̀, á kàn wò ó fìrí, á kọjá. Ẹni tó ń sáré lọ yìí gan-an ni ẹni tó ṣe èèpo iwájú ìwé ìròyìn ń bá sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ló ní láti fi dá a dúró. Tó bá sì jẹ́ ìwé ìròyìn àwọn òṣèré àti olórin, iṣẹ́ náà tún le sí i, torí irú rẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì kan náà, gbogbo wọn ló sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń kọjá.

Òkè pátápátá ni orúkọ ìwé ìròyìn máa ń wà. Fẹ́ńdọ̀ a máa to ìwé léra, kí ọ̀kan bo ìdajì èkejì. Òkè nìkan ló máa ń hàn. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yìí lónìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ nígbà mìíràn: irú lẹ́tà kan náà, àyè kan náà. Ó dà bí ilà ojú. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí àbàjà tàbí pélé lójú àlejò á ti mọ ibi tó ti wá kó tó lanu. Ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà pupa yí èèpo rẹ̀ ká ní ọdún 1927. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n sọ ìlà náà di dúdú. Àwọn tó mọ ìwé náà kò nílò àlàyé. Wọ́n rí i pé ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá rí ìwé ìròyìn wa kan tó ń pààrọ̀ irú lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ṣáá, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà rí lẹ́tà tuntun lórí kọ̀ǹpútà.

Ní ti àwòrán, ìdí ìtàn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Àwọn tó ka Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, tó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré Yorùbá, mọ̀ pé fọ́tò lè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún fi èèpo àwo orin ṣàpẹẹrẹ, torí ọmọ ìyá ni òun àti èèpo ìwé ìròyìn. Lemi Ghariokwu, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1955, tó fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà, ṣe èèpo àwo tó lé ní 20 fún Fẹlá Aníkúlápó Kútì. Àkọ́kọ́ ni Alagbon Close, ní ọdún 1974. Orin náà dá lórí àhámọ́ ọlọ́pàá ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti Fẹlá mọ́. Ẹlòmíràn ì bá ya ojú Fẹlá gàdàgbà, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó parí. Lemi ya ìtàn inú orin: Fẹlá ń jó, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ti já, ilé rẹ̀ dúró ṣinṣin lápá kan, ilé àhámọ́ wà lápá kejì, ẹja àbùùbùtán sì ń dojú ọkọ̀ ọlọ́pàá dé nínú omi. Ẹni tí kò tíì mọ ìwé kà pàápàá á mọ ẹni tó borí níbẹ̀.

Tí ìtàn tiyín bá jẹ́ ti òṣèré obìnrin tó padà sórí ìtàgé lẹ́yìn àìsàn gígùn, fọ́tò tó ti wọ léèsì níbi ìnáwó kò lè sọ ọ́. Ẹ yà á níbi tó ti ń wé gèlè lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, kó tó jáde. Ojú kan ṣoṣo, kó tóbi, kó sì máa wo ẹni tó ń kọjá. Àwọn olóòtú kan a máa to ojú ènìyàn mẹ́jọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú, ojú òǹwòran kò sì ní ríbi bà lé.

Ibi tó dùn mí jù ni àkọlé. Ká ní òṣèré obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, wọ́n wá kọ ọ́ síwájú ìwé báyìí: OKO TUNTUN. Ṣé ọkọ tuntun ni, àbí ọkọ̀ tuntun? Ó tiẹ̀ lè jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ló dá. Torí àmì tí wọn kò fi sí i, obìnrin tó ra mọ́tò ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ́nu gbogbo èrò dánfó.

Àwọn kan ní àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. Mi ò gbà. Àìfi àyè sílẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Lẹ́tà Yorùbá ń ru ẹrù lókè, ó tún ń ru nísàlẹ̀. Tí ìlà méjì bá sún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà àkọ́kọ́ á wọnú àmì ohùn ti ìlà kejì. Ẹ fà wọ́n jìnnà síra díẹ̀. Ìṣòro mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà: ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan níbẹ̀; ẹ ló kọ́kọ́ ń wà, kí àmì ohùn tó gun orí rẹ̀. Irú lẹ́tà tí ẹni tó ṣe é kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó yan irú lẹ́tà kankan, ẹ fi kọ “ọ̀rẹ́”, “ẹ̀ṣẹ́” àti “Ọ̀ṣun” wò. Tí àmì bá ṣubú, ẹ wá òmíràn.

Àwọ̀ tó ń tàn lórí kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀. Tàdáwà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: búlúù, pupa tó dà bí omi sóbò, yẹ́lò àti dúdú. Àwòrán tó bá kan etí ìwé gbọ́dọ̀ kọjá etí náà ní mílímítà 3, torí ọ̀bẹ ìgéwèé lè yẹ̀ díẹ̀, kó fi ìlà funfun sílẹ̀. Nínú ìwé, níbi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kí òǹkàwé tún bá irú lẹ́tà àti àwọ̀ iwájú pàdé, kó mọ̀ pé òun ti dé ibi tí wọ́n pe òun sí.

Kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, ẹ tẹ ẹyọ kan jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ pe ẹni tí kò tíì ka ìtàn náà: ẹni tó ń ta ọsàn lójú títì, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Kó dúró sí ìgbésẹ̀ 10 sí i. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un, ẹ jẹ́ kó kà á sókè. Tó bá ka “ọkọ” níbi tí ẹ fẹ́ kọ “ọkọ̀”, ẹ padà sídìí kọ̀ǹpútà.